Ahọ́n Ìyá Olómi

Omi inú ọ̀rá ni a fi wẹ òkú ìyá àgbà mi. Píọ̀ wọ́tà. Àwọn obìnrin tó wẹ̀ wọ́n ń fi eyín ya ọ̀rá náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń tú u sínú ike, mo sì ń gbọ́ ìró rẹ̀ láti ẹ̀yìn aṣọ tí a ta sí ẹnu ọ̀nà. Ó pẹ́ kí wọ́n tó ṣe tán. Nígbà tí wọ́n parí, ọ̀rá òfìfo kún àgbàlá, afẹ́fẹ́ sì ń gbá a lọ sí ìdí kànga tí a fi pákó bò. Láti etí ọ̀sà títí dé ojú títì ní Ajah, Ìyá Olómi ni gbogbo ènìyàn ń pè wọ́n.

Mi ò fẹ́ kọ ìtàn ìgbésí ayé wọn. Mi ò mọ ọdún tí a bí wọn, àwọn náà kò mọ̀ ọ́n. Mo pẹ́ kí n tó kàwé, ọ̀rọ̀ mi kì í sì í pọ̀. Ohun tí mo mọ̀ nípa wọn ni ahọ́n wọn, àti ohun tí ahọ́n náà ṣe fún wa.

Ní ọ̀dọ̀ wa, òkun wà níwájú, ọ̀sà wà lẹ́yìn. Ilẹ̀ tó wà láàárín kò fẹ̀. Bí ènìyàn bá gbẹ́ kànga níbẹ̀, iyọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ bá pàdé. Nítorí náà, ọ̀nà kan ṣoṣo ni àwọn àgbà wa fi ń mọ omi tó dára: wọ́n á tọ́ ọ wò. Bí iyọ̀ rẹ̀ bá pọ̀, a fi ń fọ ẹja. Bí iyọ̀ rẹ̀ bá kéré, a ń mu ún. A ò mọ̀ pé ọ̀nà mìíràn wà.

Ìyá ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè bí ẹnikẹ́ni bá gbẹ́ kànga tuntun. Wọ́n á bu omi sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n á fi ahọ́n kàn án, wọ́n á di ojú. Gbogbo ènìyàn á máa wo ẹnu wọn. Ọkùnrin kan wà tó fi ọ̀sẹ̀ méjì gbẹ́ tirẹ̀, ó ti fi búlọ́ọ̀kù yí ẹnu rẹ̀ ká kó tó pè wọ́n. Ìyá tọ́ omi náà wò, wọ́n tu ú sílẹ̀ lójú rẹ̀.

Ó ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un tọ́ wò. Bóyá ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ẹja ni."

Wọ́n ní, "Ẹja ni mo jẹ, mi ò jẹ òkun. Dí i."

Ọkùnrin náà sì dí i.

Kànga tiwa wà láàárín àgbàlá. Ọkọ Ìyá, bàbá àgbà mi, ló gbẹ́ ẹ kí a tó bí mi. Omi rẹ̀ ní iyọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó dára tó o ní abúlé wa. Ẹnikẹ́ni lè pọn ún. Ìyá kò dá ẹnikẹ́ni padà rí, títí kan àwọn tí wọ́n ń bá jà. Wọ́n á bú irú obìnrin bẹ́ẹ̀ títí okùn á fi fa omi jáde, wọ́n á sì bá a gbé e rù.

Òfin kan wà nínú ilé wa. Àlejò kì í jókòó kí omi má dé iwájú rẹ̀. Onílé ló ń kọ́kọ́ mu, kí àlejò lè mọ̀ pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Bí àlejò kò bá mu tirẹ̀, a kì í da á nù, a kì í sì í dà á padà sínú àmù. Onílé ni yóò mu ún. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo gbé Rísíkà ìyàwó mi wọlé, ó da omi tí àlejò kan kò mu sí ìdí àgbọn. Kò mọ̀. Ní ilé tiwọn, wọ́n ń da á nù. Ìyá rí i láti ìdí ààrò tí wọ́n ti ń yan ẹja.

"Ìyàwó, wá. Lọ fami."

Rísíkà fami. Wọ́n ní kó bù ú kún ife, kó mu ún níwájú àwọn. Ó mu ún. Wọ́n ní kó tún bù. Ife mẹ́ta ni. Omijé ti ń bọ́ lójú rẹ̀ nígbà tó dé ẹ̀kẹta, nítorí àwọn ènìyàn ń wò ó. Mo wà níbẹ̀. Mo ń wò ó bíi tiwọn. Nígbà tó mu ún tán, Ìyá fi etí ìró wọn nu ẹnu rẹ̀ bí ẹni ń nu ẹnu ọmọ ọwọ́, wọ́n ní, "Omi tí o bá bù fún ènìyàn, tìrẹ ni títí yóò fi tán."

Ìyá kò fẹ́ kí n lọ sí ilé ìwé. Ìyá mi kú sórí àbúrò mi, bàbá mi sì bá iṣẹ́ lọ, ọwọ́ Ìyá ni mo wà. Ẹni tí yóò máa to igi sí ìdí ààrò ni wọ́n ń wá. Mo ti tó ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kí n tó lọ fi orúkọ ara mi sílẹ̀. Mo jókòó láàárín àwọn ọmọ tí orí wọn kò ga ju ìgbọ̀nwọ́ mi lọ. Ní ọjọ́ kejì, Ìyá gbé igbá ẹja gba iwájú kíláàsì wa kọjá. Wọ́n dúró sójú fèrèsé.

"Tíṣà, ẹ wo ọ̀pẹ tó hù sáàárín ẹ̀fọ́ yín. Ẹ máa bomi rin ín o."

Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Tíṣà pàápàá rẹ́rìn-ín. Ọ̀pẹ ni wọ́n ń pè mí títí mo fi jáde ìwé mẹ́fà, orúkọ náà sì bá mi dé ibi iṣẹ́.

Nígbà tí mo wá mọ̀ ọ́n kà, Ìyá ń kó ohun gbogbo wá fún mi: ìgò oògùn, agolo wàrà, ìwé tí wọ́n fi di ẹ̀pà. Mo rò pé inú wọn dùn sí mi. Ní ọjọ́ kan mo ka ohun tó wà lára agolo kan sókè ketekete, mo sì ń retí ìyìn. Wọ́n gba agolo náà, wọ́n fi ìka kó ohun tó wà nínú rẹ̀, wọ́n lá a.

"Ìwé rẹ mọ orúkọ nǹkan," ni wọ́n wí. "Kò mọ bó ṣe ń dùn."

Mo parí ilé ìwé náà, mo sì di bíríkìlà. Iṣẹ́ wà nígbà náà. Láti Oniru títí dé ìkọjá Ajah, gbogbo ibi tó jẹ́ irà ni wọ́n ń da yanrìn sí. Wọ́n dé ẹ̀yìn ilé tiwa náà. Mi ò ní dárúkọ ẹ́sítéètì náà. Wọ́n fi yanrìn kún irà tí a ti ń mú alákàn, wọ́n mọ ògiri gíga, wọ́n ń kọ́ ilé sínú rẹ̀. Mo wà lára àwọn òṣìṣẹ́ wọn. Inú mi dùn pé mi ò ní wọ ọkọ̀ lọ sí ibi iṣẹ́.

Èmi àti àwọn mẹ́rin ni a gbẹ́ kòtò tí omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ń wọ̀, èyí tí à ń pè ní sokawéè. Kí a tó gbẹ́ ilẹ̀ dé ìbàdí, omi ti sun. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí a fa omi náà gbẹ, kí a da kọnkéré sí ìsàlẹ̀ kòtò àkọ́kọ́, èyí tí ìgbẹ́ ń dúró sí, kí a sì rẹ́ ẹ nínú. Fọ́ọ́mánù wa ní kí a máa to búlọ́ọ̀kù lọ nínú omi náà bẹ́ẹ̀. Mo béèrè lẹ́ẹ̀kan. Ó wò mí, ó ní, "Ọ̀pẹ, ta ló máa bẹ abẹ́ ilẹ̀ wò?" Mo to búlọ́ọ̀kù. Bí a ṣe ṣe gbogbo kòtò tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ògiri wa nìyẹn.

Lẹ́yìn tí àwọn ènìyàn ti kó wọ ibẹ̀ bí ọdún méjì, omi kànga wa bẹ̀rẹ̀ sí í dùn.

Ìyá ló kọ́kọ́ mọ̀. Wọ́n tọ́ ọ wò ní òwúrọ̀, wọ́n dúró, wọ́n tún un tọ́ wò. Wọ́n pe Rísíkà. Wọ́n pe èmi. Iyọ̀ ti ń lọ nínú omi. Nígbà tí oṣù mẹ́ta kọjá, kò sí iyọ̀ níbẹ̀ rárá. Àwọn ará abúlé kejì wá ń pọn ọ́n. Lèmọ́mù wá ṣe àdúrà sí ìdí kànga, a pa adìyẹ méjì. Ìyá ní àdúrà tí àwọn ti ń gbà láti ìgbà tí ọkọ àwọn ti kú ló gbà. Wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n gbé ife lé orúnkún, ojú wọn mọ́lẹ̀ bí ojú ìyàwó ọ̀ṣìngín. "Láti ọjọ́ tí mo ti ní eyín," ni wọ́n wí, "mi ò mu irú omi yìí rí."

Ìgbà òjò tó tẹ̀lé e ni Rísíkà kú. Ọjọ́ kan péré ni. Ó jí, ó ní inú ń run òun. Kí oòrùn tó gòkè, ó ti ń yàgbẹ́ bí omi tí a fi fọ ìrẹsì, ó sì ń bì. Ìyá jókòó tì í láti òwúrọ̀, wọn ò kúrò níbẹ̀. Wọ́n ń fún un lómi. "Mu ún, ìyàwó mi. Ohun tó ń jáde lára rẹ pọ̀, mu ún." Ife kan, ife mìíràn, láti inú kànga. Ojú Rísíkà ti wọnú. Òjò ti dí ọ̀nà, ẹ̀yìn ni mo pọ̀n ọ́n sí tí mo fi la àgbàrá já kí a tó rí ọkọ̀. Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì kan ń wá iṣan lọ́wọ́ rẹ̀, kò rí i.

Ó bi mí pé, "Omi wo lẹ̀ ń mu nílé?"

Mo ní, "Omi dídùn ni, nọ́ọ̀sì. Kò ní iyọ̀ rárá."

Nọ́ọ̀sì náà tún ń wá iṣan. Rísíkà kú kó tó di àsàrì. Onígbáméjì ni wọ́n pè é. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà, àwọn ọmọ kékeré méjì kú ní ilé tó kángun sí tiwa.

Wolé-wolé wá láti káńsù, ó bu omi kànga wa sínú ìgò, ó lọ. Nígbà tó padà, ó mú ìwé dání àti ọ̀dà pupa. Ó fa àmì sára kànga. Mo ka ìwé náà fún Ìyá. Ó ní ìgbẹ́ ènìyàn wà nínú omi wa.

Ìyá ní, "Ìgbẹ́ ń rùn. Omi yìí ò rùn."

Wolé-wolé kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣàlàyé. "Ìyá, omi tí wọ́n fi ń ṣan ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lẹ́yìn ògiri yẹn kò ní iyọ̀. Abẹ́ ilẹ̀ ló ń gbà wá síbí. Òun ló lé iyọ̀ yín lọ. Ohun tó mú un dùn náà ló bà á jẹ́."

Ìyá dúró títí ó fi lọ. Wọ́n wá mú ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń ha ìpẹ́ ẹja, wọ́n jókòó, wọ́n ha ọ̀dà pupa náà kúrò, díẹ̀díẹ̀, títí kò fi kù.

Ọjọ́ yẹn ni mo sọ ọ̀rọ̀ tí mi ò rò pé mo lè sọ sí àgbàlagbà. Mo dúró lé wọn lórí, mo ní, "Ahọ́n yín ló pa ìyàwó mi."

Wọn ò gbójú sókè. Wọ́n fẹ́ eruku ọ̀dà kúrò lára ọ̀bẹ. "Ahọ́n mi ló tọ́ ọ wò, Àkànní," ni wọ́n wí. "Ọwọ́ ta ló gbẹ́ kòtò?"

Mi ò sọ ọ̀rọ̀ kòtò náà fún ẹnikẹ́ni rí. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe mọ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo rí i pé wọ́n ti da ojú àmù délẹ̀. Wọ́n fi pákó bo kànga, wọ́n sì jókòó lé e lórí. Ibẹ̀ ni wọ́n ń jókòó lójoojúmọ́ láti ọjọ́ náà. Àwọn obìnrin dé pẹ̀lú jálá láti pọnmi.

"Ẹ lọ ra omi lọ́wọ́ mẹ́rúwà."

"Kí ló ṣe é, Ìyá?"

"Ó ti dùn jù."

Kò sí ẹni tó gbọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́nu wọn. Èmi ni wọn ò tilẹ̀ sọ ìyẹn fún. Oṣù mẹ́jọ ni a fi gbé inú ilé kan náà láìsọ̀rọ̀. Mo ń gbé oúnjẹ síwájú wọn, wọ́n ń jẹ ẹ́. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń fẹ́: kí wọ́n sọ pé àwọn ṣì í. Kí wọ́n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Bí wọ́n bá sọ ọ́, mo lè sọ tèmi. Èmi kọ́ ni yóò kọ́kọ́ sọ ọ́. Mo ń dúró dè wọ́n, wọ́n sì ń dúró dè mí.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, alága àwọn onílé ẹ́sítéètì wá kí wa. Òun àti enjiníà kan ni. Alága náà mọ ọmọlúàbí ṣe, ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ma. Ẹ kú àṣẹ̀yìndè, Màmá."

Ìyá ní, "Oṣù mẹ́jọ. Ògiri kan ló sì wà láàárín wa. Ẹ kú ìrìn o."

Alága rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní ìjọba ń da àwọn láàmú nítorí ìwé wolé-wolé, ìjọba ní kí àwọn hú gbogbo kòtò tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ó ní àwọn ti ṣe tẹ́ẹ̀sì tiwọn, kò sí nǹkan kan nínú omi wa.

Enjiníà ní, "Ó klíà, ma. Klíà dáadáa."

Wọ́n mú ìwé kan jáde. Ó kù kí Ìyá tẹ̀ka sí i, kí ọ̀rọ̀ náà parí.

"Àkànní," ni Ìyá wí. "Kà á."

Oṣù mẹ́jọ rèé tí wọn ò ti pe orúkọ mi. Mo kà á, mo sì túmọ̀ rẹ̀. Ó ní omi kànga yìí dára fún mímu, ó ní kò sí ohun tó ti inú ẹ́sítéètì wọ inú rẹ̀.

"Tún un kà."

Mo tún un kà.

Wọ́n yíjú sí alága. "Ó dára fún mímu?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ma."

Ìyá dìde kúrò lórí pákó. "Àkànní, ká a kúrò. Fami fún àlejò."

Mo ká pákó. Mo fami. Omi náà mọ́ bí dígí. Mo bù ú sínú ife mẹ́ta, àwọn ife onígíláàsì tí Rísíkà ń tọ́jú fún àlejò, mo tò wọ́n sórí àpótí. Ìyá mú tiwọn, wọ́n mu ún tán, wọ́n da ojú ife náà délẹ̀.

"Ó kàn yín."

Alága ní, "Màmá, inú ọkọ̀ la ti mu omi. Ẹ ṣeun, ma."

"Enjiníà ńkọ́?"

"Mò ń gba ààwẹ̀ ni, ma."

"Ààwẹ̀ oṣù wo?"

Enjiníà ń wo bàtà rẹ̀. Ìyá dúró dè wọ́n. Wọn ò bínú, wọn ò sì kánjú. A gbọ́ ọmọdé kan tó ń sunkún lẹ́yìn ògiri, nínú ọ̀kan lára àwọn ilé tí mo bá wọn kọ́. Àlejò méjèèjì kò fọwọ́ kan ife.

"Ó dáa," ni Ìyá wí. "Omi àlejò kì í padà sínú àmù." Wọ́n sì mú ife alága.

Alága nawọ́. "Màmá, ẹ má mu ún."

"Kí ló dé? Ṣebí ó dára."

Alága fa ọwọ́ rẹ̀ padà. Ìyá mu ún tán. Wọ́n gbé ife enjiníà.

Èmi ni mo sún mọ́ wọn jù. Bí mo bá nawọ́, ìka mi á kan ife náà. Ìyá rọra ń gbé e lọ sókè, ó gba àkókò kó tó dé ẹnu wọn. Mo rí gbogbo rẹ̀. Mo ń rántí ife mẹ́ta tí wọ́n fún Rísíkà. Mo ń kà á. Èyí jẹ́ ẹ̀kẹta.

Nígbà tí wọ́n mu ún tán, wọ́n ki àtàǹpàkò bọ ìṣẹ́kù omi inú ife, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé alága. "Ìka mi nìyẹn," ni wọ́n wí. Ó ti gbẹ kí àwọn àlejò tó dé ìdí ọkọ̀ wọn.

Wọn ò tíì hú kòtò kankan títí di òní. Ìwé ń lọ, ìwé ń bọ̀. Mẹ́rúwà ló ń gbé omi wá fún wa báyìí. Kí n tó bù ú sínú àmù, mo máa ń fi ahọ́n kàn án, mo máa ń di ojú. Bí mo bá bá iyọ̀ díẹ̀ níbẹ̀, ara mi á balẹ̀. Bí kò bá sí iyọ̀, mo máa ń jókòó tì í pẹ́ títí.

Ní ọjọ́ kejì sí ìgbà tí àwọn àlejò lọ ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í run Ìyá. Dókítà ní ọsibítù kọ ọ́ sínú ìwé pé ọjọ́ orí ni. Mo gbé wọn padà wá sílé. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹrin, mo ya ọ̀rá omi kan, mo fi kan ètè wọn. Wọ́n fi ahọ́n kàn án, wọ́n yí ojú kúrò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wò mí.

"O rí mi nígbà tí mò ń mu ún."

Mo ní, "Mo rí yín, Ìyá."

"O ò gba ife náà."

"Mi ò gbà á."

Wọ́n mi orí díẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n bá ti tọ́ omi kànga kan wò tí wọ́n sì ti mọ ohun tó wà níbẹ̀.

"Nígbà náà," ni wọ́n wí, "a ti dọ́gba."